“Onípínpúpọ̀” kò bá 381654729 mu

Ẹ kú iṣẹ́ o. “Nọ́ńbà onípínpúpọ̀” ni àbá tó wà nílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ Yorùbá fún irú nọ́ńbà bíi 381654729, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “polydivisible number”. N kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, 2520 ni yóò wá sí i lọ́kàn, èyí tí gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé 10 pín láìṣẹ́kù. Ti 381654729 yàtọ̀: ibi tí a bá gé e dé là ń wò. 2 pín 38, 3 pín 381, 4 pín 3816, 5 pín 38165, bẹ́ẹ̀ títí dé 9, nǹkan kan kò ṣẹ́kù. Àmì (“digit” lédè Gẹ̀ẹ́sì) 1 sí 9 sì jẹyọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Òun nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n bí kò ti sí 0, 5 ló gbọ́dọ̀ wà ní ipò karùn-ún. 2, 4, 6 àti 8 ló ni ipò kejì, ìkẹrin, ìkẹfà àti ìkẹjọ. Ní ipò kẹrin, àmì tí kò ṣeé pín sí méjì ló ṣáájú, nítorí náà 2 tàbí 6 nìkan ló lè jẹ́ kí 4 pín in. Bákan náà ni ipò kẹjọ. Ó ku 4 àti 8 fún ìkejì àti ìkẹfà. Níwọ̀n bí 3 ti pín àmì mẹ́ta àkọ́kọ́, tí 6 sì pín mẹ́fà àkọ́kọ́, àròpọ̀ ipò kẹrin sí ìkẹfà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí 3 lè pín: 258 tàbí 654, kò sí ẹ̀kẹta. Ẹ wá fi 8 yẹ ìyókù wò, kí ẹ fi 7 kún un. Ọ̀kan ṣoṣo ló máa yege.

Àbá kejì, “apínlẹ́sẹẹsẹ”, sún mọ́ ọn, àmọ́ ohùn àárín tó wà lórí a- yẹn sọ ọ́ di olùṣe, bíi apẹja àti adájọ́. Nọ́ńbà yìí kò pín nǹkan kan, òun là ń pín. Ohùn ìsàlẹ̀ ló yẹ ẹ́, bíi ti àjẹkù àti àyànfẹ́: àpínlẹ́sẹẹsẹ. (Ẹ̀yin tí ẹ kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀, ọwọ́ yín ló kù sí.)

Nínú ìtumọ̀ rẹ̀, “àmì” ni kí a lò, kì í ṣe “òǹkà”. Ẹni tó ka 38 ní méjìdínlógójì kò dárúkọ 3, kò dárúkọ 8. Bí a ṣe ń kọ nọ́ńbà ní mẹ́wàá-mẹ́wàá ló bí àbùdá yìí.

Bí a bá gba 0 láyè, tí àmì sì lè tún ara rẹ̀ ṣe, èyí tó gùn jù ni 3608528850368400786036725, àmì 25. Títí dé ipò kẹwàá, a kì í wá àmì tó yẹ ká má rí i. Láti ipò 11 lọ, ó lè má sí rárá. Ẹ kọ 0 sẹ́yìn èyí, kí ẹ fi 26 pín in: 12 ló máa ṣẹ́kù. 14 la nílò láti dí àlàfo náà, àmì kan ṣoṣo kò sì lè ju 9 lọ.

Ẹ má fi Excel yẹ̀ ẹ́ wò o. Àmì 15 péré ló ń pa mọ́, ó ń sọ ìyókù di 0. 7 tó wà ní ipò 17 á pòórá, ẹ ó sì rò pé nọ́ńbà náà ló kùnà. Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kò ní ìṣòro yẹn.