Ẹ là mí lọ́yẹ̀: ṣé u àti e inú OLS kì í ṣe nǹkan kan náà ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ỌdúnKẹta
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Econometric theory fẹ́ dá mi lágara. Kì í ṣe ìṣirò ló le. Mo lè kọ (X′X)⁻¹X′y, fọ́múlà OLS (ọ̀nà tí a fi ń fa ìlà tó sún mọ́ dátà jù lọ), láìwo ìwé. Ohun tó há mi lọ́fun rèé: ojú ewé kan ní ká gbà pé u (inú y = α + βX + u, ìyẹn gbogbo ohun yòókù tó ń ti y) kò bá X tan. Ojú ewé kejì fi ẹ̀rí hàn pé X′e = 0 (e ni àṣẹ́kù: y tí a rí, tí a yọ iye tí ìlà wa fún wa kúrò nínú rẹ̀), kò sí ìgbà tí kì í rí bẹ́ẹ̀. Tó bá ti jẹ́ dandan, kí ni a tún ń bẹ̀rù endogeneity (kí u bá X tan) sí? Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti ka orí ìwé yẹn. Mo ti fẹ́ máa kọ́ ẹ̀rí Gauss-Markov (tó sọ ìdí tí OLS fi dára) sórí lásán, ọkàn mi ò sì gbà á.

Onígègé
Àbúrò mi, má kọ́ ọ sórí. Ìbéèrè gidi lo bi yìí, ọ̀pọ̀ ló parí ẹ̀kọ́ náà láìbi í.

Mú bírò. X jẹ́ 1, 2, 3. Y jẹ́ 2, 3, 7. Fọwọ́ fa ìlà y = a + bX: b á jẹ́ 2.5, a á jẹ́ −1. Ìlà náà á fún ọ ní 1.5, 4 àti 6.5, àṣẹ́kù rẹ á sì jẹ́ 0.5, −1, 0.5. Rò wọ́n pọ̀: òdo. Fi X kọ̀ọ̀kan sọ tirẹ̀ di púpọ̀ kí o tó rò wọ́n: 0.5 − 2 + 1.5, òdo náà ni.

Ṣé mo sọ ibi tí àwọn nọ́ńbà yẹn ti wá fún ọ? Rárá. Àwa la fipá mú òdo yẹn jáde nígbà tí a yan a àti b. Ṣùgbọ́n u ti wà kí a tó mú bírò, kò sì sẹ́ni tó lè fojú rí i. Ká ní y jẹ́ owó oṣù, X jẹ́ ọdún tí èèyàn fi kàwé, tí ẹ̀bùn àbínibí sì fara pamọ́ sínú u. Bí àwọn tó ní ẹ̀bùn bá ń kàwé pẹ́ ju àwọn yòókù lọ, OLS á gbé èrè ẹ̀bùn fún ìwé kíkà. Àròpọ̀ àṣẹ́kù á ṣì jẹ́ òdo, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. O ò lè tara e rí àìsàn u.

Tẹ̀ẹ́wò
Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ. Ní tèmi, R (ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà) ló là mí lójú. Fi rnorm (àṣẹ R tó ń mú nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ jáde) ṣẹ̀dá u fúnra rẹ, fi β = 2 (iye gidi tí b ń wá) ṣe y, ṣe é ní ìgbà 1,000, kí o ya àwòrán gbogbo b tó jáde. Òkìtì náà á jókòó lórí 2. Wá bu díẹ̀ lára u sínú X: òkìtì á ṣí kúrò. Sọ n (iye dátà) di 10,000, á tín-ín-rín sí i ni, kò ní padà sórí 2.

Akẹ́kọ̀ọ́ỌdúnKẹta
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fọwọ́ ṣe é. Mo tiẹ̀ sọ 7 di 70: àṣẹ́kù di 11, −22, 11. Òdo méjèèjì ṣì jáde! Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, 0.5, −1, 0.5 náà ni, tí a fi 22 sọ di púpọ̀. Ṣé ìdí tí a fi ń fi n − 2 pín nìyí, nígbà tí a bá ń wọn bí u ṣe fẹ̀ tó?

Onígègé
Òun gan-an ni. Òdo méjì ti so nọ́ńbà méjì mọ́lẹ̀, ẹyọ kan ló kù tó lè rìn. X ló yan ìrísí yẹn. Bó ṣe máa tóbi tó nìkan ni y ń sọ. Lọ ṣí ibi tí wọ́n kọ M = I − X(X′X)⁻¹X′ (òun ló ń sọ y di e) sí lálẹ́ yìí, kí o fi 1, 2, 3 rẹ sínú rẹ̀.