Etí igi, olú, àbí kòkòrò?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹnì kan béèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kí ni ká máa pe fọ́ńgọ́ọ̀sì (irú nǹkan bí olú àti ohun tó ń mú búrẹ́dì bu) tó ń bá igi inú ọgbà ilé jà. Ìdáhùn mẹ́ta ló wọlé: "kòkòrò igi", "amúgirà", àti pé ká fi fọ́ńgọ́ọ̀sì sílẹ̀ bó ṣe wà. Mi ò fara mọ́ ọ̀kankan, "kòkòrò" ló sì dùn mí jù.

Igi mọ́ńgòrò kan wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n tó bí mi. Lójò èṣí, nǹkan kan yọ nídìí rẹ̀. Ó le bí igi, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń dán bí ẹni fi epo pa á, bèbè rẹ̀ funfun. Eruku tó rí bíi kòkó lílọ̀ bo koríko abẹ́ rẹ̀. Aládùúgbò kan ní kòkòrò ni, ó ní ká ra oògùn kòkòrò. A rà á, a fọ́n ọn títí, pàbó ló já sí. Oògùn tó ń pa kòkòrò kò mọ olú. Orúkọ ló ṣì wá lọ́nà.

Ìyá mi ní tiwọn kò pè é ní kòkòrò. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Igi yìí mà ti ń hu etí." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn! Ó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi gẹ́lẹ́ bí etí ṣe yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Ganoderma ni àwọn onímọ̀ ń pè é. "Etí igi" tó mi.

Ní ti gbogbo ẹbí fọ́ńgọ́ọ̀sì, "olú" ni mo dúró lé. Ẹnì kan ní inú ọbẹ̀ ni olú wà, kò yẹ kó jẹ́ orúkọ àrùn. Ṣé gbogbo olú la ń jẹ ni? Ta ni kò mọ̀ pé olú kan wà tó ń pààyàn? Ẹlòmíràn ní ewéko ni. Kì í ṣe ewéko o. Kò lè fi oòrùn ṣe oúnjẹ. Ohun abẹ̀mí tàbí òkú nǹkan ló ń jẹ. Nínú ètò tí R. H. Whittaker, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí, gbé jáde ní 1969, ó yọ wọ́n kúrò lára ewéko, ó fi wọ́n sí àyè tiwọn. Èròjà tó mú ara wọn le gan-an ló wà nínú èèpo edé àti akàn.

A ti mọ ẹbí yìí tipẹ́, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la kàn ń pè wọ́n: búrẹ́dì bu, làpálàpá mú ọmọ lórí, olú hù nídìí òkìtì ikán. Ọmọ ìyá ni wọ́n.

"Amúgirà" dùn létí, àmọ́ ó há jù. Irú èyí tó ń ta àmì dúdú sára ewé àti èso mọ́ńgòrò nígbà òjò kì í mú igi rà. Etí igi ló tọ́ sí, torí inú igi ló ń jẹ. Kí etí tó yọ, inú ti ń jẹrà tipẹ́, ẹni tó bá sì gé etí dànù kò wo igi sàn. Àwa gé igi tiwa lulẹ̀, torí ó ti dagun sórí yàrá, a sì hú gbòǹgbò rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni olú náà ń gbà dé ara igi mìíràn.

Àwọn fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ funfun tí olú ń nà káàkiri inú igi, mo dábàá "òwú olú". Ìyẹ̀fun tó ń dà sílẹ̀, "eruku olú" ni, kì í ṣe "irúgbìn olú", torí atẹ́gùn ló ń gbé e, ẹnikẹ́ni kò gbìn ín.

Ó ku funfun lẹ́búlẹ́bú tó máa ń bo òdòdó mọ́ńgòrò nígbà ọyẹ́. Mo fẹ́ pè é ní "bíbu òdòdó". Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́, kí lẹ rí sí i?