Aspirin àti ibuprofen bàbá mi

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Kétu la wà. Dókítà ní kí bàbá mi máa lo aspirin kékeré láràárọ̀ nítorí ọkàn, ṣùgbọ́n orúnkún ń dà á láàmú, ló bá ń ra ibuprofen lọ́jà fúnra rẹ̀. Ẹ mọ àgbà! Mo kà pé ojú kan náà ni méjèèjì ń wá lára ẹ́ńsáìmù COX-1, ìyẹn èròjà inú ara tó ń ran ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dì. Aspirin á fi ègé ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn, kò ní tú mọ́. Ibuprofen kàn ń jókòó síbẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ ni, á sì dí aspirin lọ́nà. Ṣé kó dúró fún ìṣẹ́jú 30 lẹ́yìn aspirin kó tó lo ìkejì, àbí parasẹtamọ́ọ̀lù ló yẹ ẹ́? Ẹ̀yin apoògùn, báwo lẹ ṣe ń sọ ọ́ fún àgbàlagbà tí kì í gbọ́?