Ẹ gbà mí o: ṣé kí n ta ìbọn ọdẹ 6.5 Creedmoor mi, kí n lọ ra ìbọn .308?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa ní Texas. Inú ń bí mi gan-an. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ní kí n má ra .308, pé ìbọn àwọn bàbá arúgbó ni, 6.5 Creedmoor ló lòde, mo wá kówó lé e, scope orí ẹ̀ (awò tí mo fi ń wo ohun tí mo fẹ́ yìn) nìkan, owó ẹ̀ tó rẹ́ǹtì oṣù kan. Ní Sátidé tá a dé oko tá a háyà, àgbọ̀nrín jáde, mo yìn ín, ó fò sókè bí ẹni tí agbọ́n ta, ó wọgbó lọ, a wá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi wá ń fi mí rẹ́rìn-ín pé ọwọ́ mi ni. Ọwọ́ mi kọ́! Ọta yẹn ló kéré jù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lo méjèèjì, èwo ló lágbára?

Ọmọ Ọdẹ: Báwo ló ṣe jìnnà tó? Ibo lo ti bà á? Ọta wo lo kì sí i? O ò sọ ìkankan, owó rẹ́ǹtì lò ń sọ.

Bọ̀dá Dallas: .308 lọ̀gá! Láti 1952 ló ti wà. Creedmoor tí wọ́n gbé jáde ní 2007 ló fẹ́ bá a dọ́gba?

Ìyá Tolú: Bọ̀dá, ẹ má ṣì í lọ́nà. Ọta 150 grain (grain ni wọ́n fi ń wọn bí ọta ṣe wúwo tó) ti .308 ń jáde ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,800 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, 143 grain ti 6.5 ní 2,700. Àmọ́ ti 6.5 gùn, ó sì tín-ín-rín, atẹ́gùn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé e, tó bá fi máa dé 500 yáàdì kì í wálẹ̀ tó .308. Kì í sì í gbá èèyàn léjìká púpọ̀. Èmi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún léjìká, òun ni mò ń lò, lọ́dún tó kọjá ibi tí àgbọ̀nrín dúró sí náà ló kú sí.

Bọ̀dá Dallas: Ta ló ń yin àgbọ̀nrín ní 500 yáàdì? Ihò .308 fẹ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á dà tí wàá fi tọpa ẹ̀.

Ìyá Tolú: Ínṣì 0.308 ni fífẹ̀ ọta yẹn, ti 6.5 jẹ́ 0.264, ìyàtọ̀ wọn ò tó ìdá kan nínú ogún ínṣì.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé Bọ̀dá Dallas, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ mi yé. Kò jìnnà, bí 80 yáàdì. Ẹ̀yìn èjìká ni mo wò, ó sì bà á, irun funfun wà nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ náà wà. Ọta gidi ni, FMJ, páálí ńlá tí wọ́n ń tà ní ẹ̀dínwó, òun la fi ń yin pátákó ní rénjì tá a ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, ojú kan náà ló ń bà. Kí ni mo fẹ́ fi olówó gọbọi ṣe?

Ọmọ Ọdẹ: FMJ kẹ̀! Ọ̀rọ̀ ti yí nìyẹn. Bàbà ló bo òjé orí ẹ̀, kì í là nínú ẹran, ṣe ló máa gba inú ẹ̀ kọjá. Soft point, èyí tí òjé orí ẹ̀ ṣí sílẹ̀ kó lè là nínú ẹran, tàbí èyí tó ní ike lórí, ni ọta ọdẹ. Irun funfun yẹn sì jọ ti abẹ́ ikùn. Ní 80 yáàdì, .308 tó o bá kì FMJ sí, ohun tó máa ṣe náà nìyẹn.

Ìyá Tolú: Láti Sátidé lẹran yẹn ti ń jẹ̀rora! Ṣé ẹ tiẹ̀ padà lọ wá a?

Ẹni tó béèrè: Mi ò gbà pé ikùn ni o. Àmọ́ èwo ni ò wọ́n nínú soft point 6.5?

Ọmọ Ọdẹ: Wá 140 grain, ra páálí méjì. Fi ọ̀kan tún scope tò ní rénjì kó o tó wọgbó, torí kò ní balẹ̀ síbi tí FMJ ń balẹ̀. Má ta ìbọn kankan.