Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ ìjọ oníwèé àdúrà ní Ìkòròdú

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo ti ka ìtàn tí àwọn tó ṣáájú mi kọ síbí nípa bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ìjọ tiwọn, pàápàá ti ẹ̀gbọ́n tó wà ní Ẹ̀pẹ́. Tèmi náà rèé.

Ẹ̀yìn Ìgbógbó ni mò ń gbé, níbi tí wọ́n ti ń gé ilẹ̀ tà ní púlọ́ọ̀tì púlọ́ọ̀tì. Nígbà tí a kó débẹ̀ ní 2015, igbó ló pọ̀ ju ilé lọ. Kò ju ọdún méjì lọ tí ilé fi kún, tí ìjọ náà sì kún. Mo ka mọ́kànlá láti ẹnu ọ̀nà wa dé títì, kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó ń lo ìwé àdúrà, ìwé tí wọ́n la ètò ìsìn àti ìdáhùn sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ìjọ Áńgílíkà tó sún mọ́ wa jù, kẹ̀kẹ́ márúwá méjì la máa ń wọ̀ ká tó débẹ̀. Bí òjò bá wá rọ̀, ọ̀nà di ẹrọ̀fọ̀, ó parí. Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ní, "Ṣé bí mo ṣe máa kú nìyí, láì tún gbọ́ Te Deum mọ́?" Orin ìyìn tí à ń kọ ní Àdúrà Òwúrọ̀ ni Te Deum. Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà.

Òǹkàwé ìjọ ni mí, èyí tí àwọn èèyàn wa ń pè ní lé rídà. Mo lọ bá alùfáà wa, alùfáà gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì fún wa láyè pé ká máa ṣe é bí ibùdó ìwàásù ná. Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú Ádífẹ́ǹtì ọdún 2017 la bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọdún ìjọ ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí Kérésìmesì. Ẹni mẹ́jọ ni wá nínú pálọ̀. Mẹ́fà nínú wa, ilé mi la ti jí. Ìwé àdúrà mẹ́ta péré ló wà láàárín gbogbo wa. Ti ìyá mi ti ya lẹ́yìn, òwú dúdú ni wọ́n fi rán an.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nǹkan kan fún ẹni tí kò bá mọ̀. Lé rídà lè darí Àdúrà Òwúrọ̀, ó lè ka ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní àti ẹ̀kọ́ kejì, ó sì lè wàásù bí wọ́n bá yọ̀ǹda fún un. Ṣùgbọ́n kò lè ya àkàrà àti wáìnì sí mímọ́, iṣẹ́ alùfáà nìyẹn. Nítorí náà, oṣù mẹ́rin gbáko la fi ń ṣe Àdúrà Òwúrọ̀ láìjẹ Ara Olúwa. Lẹ́yìn Àjíǹde ni alùfáà tó ráyè wá, tòun ti àpótí kékeré tí ife àti àwo wà nínú rẹ̀. Aago mẹ́wàá ni ìsìn. Aago mẹ́fà ìdájí ni ìyá mi ti wọ aṣọ àrán wọn, tí wọ́n jókòó sórí àga tó kọjú sí tábìlì. Ìyàwó mi gbé tíì lọ fún wọn, wọ́n ní àwọn ò ní fi nǹkan kan kan ẹnu ṣáájú Ara Olúwa.

Àwọn aládùúgbò kò yé béèrè. "Kí ló dé tí ẹ ń ka àdúrà bí ẹni ń ka lẹ́tà? Ṣé Ẹ̀mí Mímọ́ ò lè fi ọ̀rọ̀ sí yín lẹ́nu ni?" Bọ̀dá kan tó ń ṣe kápẹ́ńtà sọ ọ́ sí mi lójú pé ìjọ àwọn tó ń múra àtilọ sọ́run ni tiwa. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára ju bó ṣe yẹ lọ, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣàṣìṣe.

Ní 2019, èmi àtàwọn ìgbìmọ̀ pinnu pé ká wá ohun tó máa fa àwọn ọ̀dọ́. A yọ Sáàmù kúrò. A yọ Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ kúrò. A ya sípíkà, a pe ọmọkùnrin kan láti Sábó tó mọ kíbọ́ọ̀dù tẹ̀. Gbogbo ohun tí ìwé là sílẹ̀, a ká a kò ní ìṣẹ́jú ogún, ìyókù di orin àti ijó. Èrò wá lóòótọ́, a fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́ta, wọ́n ń jókòó dé ìta. Kò pé oṣù márùn-ún, wọ́n ti tú ká. Ìjọ tí sípíkà rẹ̀ ju tiwa lọ wà ní ojúlé kẹta sí wa, kí ni wọ́n fẹ́ dúró ṣe? Ìyá mi kò bá mi jà. Bí ìsìn bá ti parí, wọn á mú ìwé wọn, wọn á wọ yàrá, wọn á ti ilẹ̀kùn, wọn á sì máa ka Sáàmù ọjọ́ náà fúnra wọn, tẹsẹ tìdáhùn, ohùn kan ṣoṣo. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn ní Sọ́ńdè kan, mo gbọ́ ọ. Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, mo dá gbogbo ẹ̀ padà síbi tó wà.

Mi ò tún yẹsẹ̀ mọ́ látìgbà náà, ìdí kan sì wà tí mi ò fi yẹ̀ ẹ́. Ìyá kan ń ta èlùbọ́ ní òpópónà wa. Ọkọ̀ gba ẹ̀mí ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́nà Mile 12. Níbi tó ń jọ́sìn, wọ́n ní kó dìde, kó pariwo, kó bá ikú jà. Ẹnu rẹ̀ kò là. Lọ́jọ́ kan ó wọlé tọ̀ wá wá, ó jókòó sẹ́yìn pátápátá. Mo ní, "Kí Olúwa kí ó wà pẹ̀lú yín." Ilé dáhùn, "Kí ó sì wà pẹ̀lú ẹ̀mí rẹ." Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ohùn kò jáde. Ó di ọ̀sẹ̀ kẹta kí n tó gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárín tàwọn yòókù. Ó sọ fún ìyàwó mi pé, "Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú mi mọ́. Tiyín ni mo yá."

Nígbà tí pálọ̀ kò gbà wá mọ́, a háyà kíláàsì kan ní ilé ìwé aládàáni kan, a sanwó ọdún kan. Ọjọ́ tí Sọ́ńdè Imọ̀ Ọ̀pẹ ku ọ̀la ni wọ́n ní ká kó jáde, ẹlòmíì ti mú owó tó jù bẹ́ẹ̀ wá. Wọn ò dá owó wa padà títí dòní, ó sì ń dùn mí. Abẹ́ igi máńgòrò la ti gbé imọ̀ lọ́dún yẹn. Ìyá mi kó àwọn imọ̀ náà jọ, wọ́n ní ká fi wọ́n sí àjà. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́rú Eléérú ọdún tó tẹ̀lé e, a kó wọn wálẹ̀. Wọ́n ti gbẹ, wọ́n pọ́n bí ewé tábà. A sun wọ́n nínú agolo mílíìkì ńlá. Wọ́n jó wàràwàrà, wọ́n ń ta pà pà pà, eérú tó ṣẹ́ kù kò sì kún ṣíbí ìmùkọ méjì. Asẹ́ tíì ni mo fi jọ̀ ọ́, kí alùfáà lè rí èyí tó kúnná fi sàmì síwájú orí wa.

Bọ̀dá kápẹ́ńtà yẹn ló kan pẹpẹ tí à ń lò báyìí, kò gba owó iṣẹ́. Kò tíì di ọmọ ìjọ wa o.

*

Ọmọ mi, mo ti ka ìtàn yín, ẹ kú iṣẹ́ ìyìn rere. Ìyá àgbà kan ni mí, Bàdágìrì ni mo wà. Nígbà tí mo dé ibi igi máńgòrò, omi bọ́ lójú mi. Abẹ́ igi náà ni tiwa ti bẹ̀rẹ̀ níbí, igi Agíà, ní 24 oṣù kẹsàn-án 1842, nígbà tí Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wàásù. Townsend ti ìjọ Áńgílíkà dé kí ọdún náà tó parí. Igi yẹn wó ní 1959. Mo ṣì kéré, bàbá mi fà mí lọ́wọ́ lọ wò ó níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n parí ní 1845 ṣì ń bẹ lẹ́bàá ọ̀sà. Àjàyí Crowther, tó ṣáájú nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, gbé níbí kó tó gba Abẹ́òkúta lọ, ó sì di 1884 kí odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde. Ọdún méjìlélógójì nìyẹn, lẹ́yìn ìwàásù abẹ́ igi. Ẹ̀yin tí ẹ ti ní ìwé mẹ́ta lọ́wọ́, ẹ ti kọjá ibi tí wọ́n wà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nìyí. Ẹ má dúró de ìwé kí ẹ tó kọ́ àwọn ọmọdé. Mi ò tíì mọ A yàtọ̀ sí B nígbà tí kátíkíìsì wa ti fi ẹnu kọ́ mi ní Ìjẹ́wọ́ Ìgbàgbọ́ látòkè délẹ̀. Bí wọ́n bá ti gba ìdáhùn sẹ́nu, wọ́n á mọ ibi tí wọ́n máa wò nígbà tí ìwé bá dé.

*

Ẹ ṣeun, màmá mi. Ẹ pẹ́ fún wa. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sí ìyá mi létí, wọ́n ní kí n kí yín, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí àwọn ń wí. Àwọn gan-an ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ méje kan lẹ́yìn ilé wa ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Te Deum gùn fún wọn, ẹsẹ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń gbà.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìwé àdúrà Yorùbá tó ti gbó nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jù ú nù, ẹ fi tó mi létí, n óò wá gbà á. Bó ti ya náà, ẹ kó o wá. Òwú wà nílé.