Ṣé kí n jẹ́ káwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ṣe ìbéèrè ìdánwò fúnra wọn?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, ní Yábà. Mo máa ń ní kí wọ́n ka orí ìwé kan wá láti ilé, màá sì fi ìbéèrè márùn-ún bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kí n lè mọ ẹni tó kà á. Àmọ́ ńṣe ni wọ́n ń há a sórí. Wọ́n á sọ fún yín pé for ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe nǹkan kan ní àṣetúnṣe, ṣùgbọ́n kí n kọ range(1, 5) sójú pátákó, ọ̀pọ̀ á ní ó máa kà dé 5, bẹ́ẹ̀ orí 4 ló ti máa dúró. Ó sì dùn mí, torí àwọn ọmọ yìí ń gbìyànjú.

Mò ń rò ó pé kí àwọn mẹ́ta-mẹ́ta máa ṣe ìbéèrè fáwọn yòókù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé ìdáhùn wọn lè má tọ̀nà, tàbí kí wọ́n ti fi ìbéèrè ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ wọn lórí WhatsApp kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Tíṣà Akọkà: Àǹtí mi, ẹ ṣe é. Àmọ́ ẹ má kàn ní kí wọ́n ṣe ìbéèrè, “Kí ni variable?” (ìyẹn orúkọ tá a fi ń pe nǹkan nínú Python) ni wọ́n máa kọ wá. Kí kóòdù wà nínú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kó sì béèrè ohun tó máa jáde. Ìdáhùn mẹ́rin, kí ọ̀kan tọ̀nà. Lábẹ́ mẹ́ta yòókù, kí wọ́n kọ àṣìṣe tó lè gbé èèyàn débẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà. Ẹ wo èyí táwọn ọmọ mi ṣe:

a = [1, 2]
b = a
b.append(3)
print(a)

append ló ń fi 3 kún ìparí list, ìyẹn àkójọ nǹkan; print ló sì ń gbé e jáde. Ọ̀pọ̀ ló mú [1, 2], torí wọ́n rò pé ẹ̀dà a ni b. Orúkọ méjì tí list kan ṣoṣo ń jẹ́ ni, [1, 2, 3] ló máa jáde. Ọmọ tó lè sọ ìdí tí ẹlòmíì á fi mú [1, 2], ọ̀rọ̀ náà ti yé e dénú.

Ìyá Ìbejì, Ṣómólú: Akẹ́kọ̀ọ́ lèmi o, èmi kì í ṣe tíṣà. Ẹ dákun, ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kẹ́ ẹ má sì fi máàkì sí i. Ẹni tó ti Ìsàlẹ̀ Èkó bọ̀, tí gó-síló dá dúró lórí Third Mainland, kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ìwé àti bírò sì ti tó, kí iná má lọ kó da gbogbo ẹ̀ rú.

Bọ̀dá Sùúrùlérè: Ìyá Ìbejì, ẹ máa bínú o, tí kò bá sí máàkì, wọn ò ní ṣe é. Àmọ́ orí àlàyé tí wọ́n kọ sábẹ́ ìdáhùn ni kí máàkì wà. Ẹni tó bá rí ìbéèrè tẹ́lẹ̀ ò wá ní fi bẹ́ẹ̀ jèrè, pàápàá tí Àǹtí bá pààrọ̀ àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ní ti ìdáhùn tí kò tọ̀nà, kí wọ́n tẹ kóòdù náà kí wọ́n tó mú un wá. Kíláàsì mi jiyàn títí lórí print(-7 // 2). Wọ́n ní -3 ni, torí 3 ni 7 // 2. A tẹ̀ ẹ́, -4 ló jáde: // máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí odidi nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀, -4 ló sì wà nísàlẹ̀ -3.5.

Tíṣà Akọkà: Òótọ́ ni. Ẹ tún wo PeerWise, tí Paul Denny ṣe ní Yunifásítì Auckland ní New Zealand. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń kọ ìbéèrè síbẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn á dáhùn, wọ́n á sì sọ bó ṣe dáa tó.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an ni. Orí if ló kàn. Ṣé ìbéèrè mẹ́ta ò ní pọ̀ jù fún ẹgbẹ́ kan?

Bọ̀dá Sùúrùlérè: Méjì tó, kí àlàyé lè kún. Ẹnì kan á kọ if x = 5: láìfura, dípò if x == 5:. Ẹ má tètè tún un ṣe fún un. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́, kí Python gbé SyntaxError jáde, ìyẹn ni pé bí wọ́n ṣe kọ kóòdù náà kò tọ̀nà, kí wọ́n wá fi ìyẹn ṣe ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́rin náà.