“Akọrin-ẹ̀rọ” kò bá iṣẹ́ wọn mu: lórí ọ̀rọ̀-ìṣe “kọ”

Ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè wa, mo kí yín o.

Láti ìgbà tí àbúrò wa ti gbé ìtumọ̀ rẹ̀ síwájú wa ni mo ti ń kà á ní àkàtúnkà. Mo ti kọ́kọ́ pinnu láti dákẹ́, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bá a jiyàn lọ́dún yìí lórí ọ̀rọ̀ tí ó ṣẹ̀dá, n kò sì fẹ́ kí ó dà bí ẹni pé mo ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i pé ènìyàn mẹ́rin ti gba ọ̀rọ̀ náà wọlé láìyẹ̀ ẹ́ wò, tí ọ̀kan nínú wọn sì ti ń lò ó nínú ohun tí òun náà ń kọ, mo rántí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Gbólóhùn tí ó fa ọ̀rọ̀ nìyí: “Àwọn àgbà akọrin-ẹ̀rọ ṣe àtúnpàdé láti ṣe àwo orin ìmọ̀-ẹ̀rọ.”

Ìtàn tí ó ń túmọ̀ ni ti àwọn méjì tí ń ṣe tẹ́kínò, orin ijó tí a ń fi ẹ̀rọ dá: Juan Atkins, ará Detroit ní Amẹ́ríkà, àti Moritz von Oswald, ará Jámánì. Àwọn ni ó pè ní akọrin-ẹ̀rọ, tẹ́kínò ni ó sì pè ní orin ìmọ̀-ẹ̀rọ. Àwọn méjèèjì ti jọ ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Thomas Fehlmann lábẹ́ orúkọ 3MB ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà ni Atkins àti von Oswald tún jókòó ti ara wọn, tí wọ́n sì gbé àwo Borderland jáde ní ọdún 2013 lábẹ́ Tresor, ilé-iṣẹ́ Berlin kan náà tí ó gbé iṣẹ́ wọn ti ìṣáájú jáde. Ìtàn tí ó yẹ kí a sọ ní Yorùbá ni, inú mi sì dùn pé ọmọ wa ni ó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó fi sọ ọ́ ni kò jẹ́ kí n sùn.

Ìjà mi kò sí lọ́dọ̀ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, bẹ́ẹ̀ ni orin kò ṣẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì ni mo dì mú. Ọ̀fun ni ó ni kọ. Èdè wa kò fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo bo gbogbo ohun tí ń dún. Ohun tí ọwọ́ tàbí ẹnu ń ṣe sí ohun èlò ni ó ń pinnu ọ̀rọ̀-ìṣe tí a óò lò. A ń lu ìlù, a ń fọn fèrè, a ń ta gìtá, a ń tẹ dùùrù. Orin nìkan ni a ń kọ, ohùn ẹnu ni a sì ń fi kọ ọ́. Ẹni tí ó bá ń ti inú Gẹ̀ẹ́sì bọ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti ń ṣiṣẹ́ fún ìlù, fèrè àti dùùrù, lè gbójú fo ìyàtọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ èdè yìí lẹ́nu àwọn àgbà kò gbọdọ̀ gbójú fò ó.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń fi ọwọ́ wọn ṣe. Irú ẹ̀rọ ìlù tí wọ́n fi kọ́ iṣẹ́ ni TR-808, tí ilé-iṣẹ́ Roland ní Japan gbé jáde ní ọdún 1980, tí TR-909 sì tẹ̀lé e ní ọdún 1983. Bọ́tìnnì 16 ni ó tò sí iwájú TR-808, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì dúró fún ibi kan nínú ìlù. Ẹni tí ó jókòó tì í ni yóò yan ibi tí ìlù ńlá yóò ti bọ́ sílẹ̀, ibi tí ohùn tí ó dà bí àtẹ́wọ́ yóò ti dáhùn, àti ibi tí gbogbo rẹ̀ yóò ti pa lọ́lọ́. Ẹ̀rọ náà yóò wá máa yí i po, iná mànàmáná inú rẹ̀ ni yóò sì máa dá ohùn náà, láìsí awọ tí a kàn àti láìsí igi tí a gbẹ́. Ọwọ́ ènìyàn kò ní kúrò níbẹ̀, nítorí pé òun ni yóò máa gbé ohùn kan sókè, tí yóò máa tẹ òmíràn mọ́lẹ̀, tí yóò sì máa dẹ ọ̀kan títí yóò fi jìn. Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tí ó la ẹnu.

Ọdún 1987 ni Derrick May, tí òun náà ń ṣe tẹ́kínò, gbé orin Strings of Life jáde. Ẹ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ kò ní gbọ́ ohùn akọrin kan. Kevin Saunderson, tí ó jọ lọ sí ilé-ìwé gíga Belleville pẹ̀lú Atkins àti May, gbé Big Fun jáde lábẹ́ orúkọ Inner City ní ọdún 1988, ohùn obìnrin sì wà nínú rẹ̀. Paris Grey ni ó kọ ọ́. Bí a bá pe Saunderson ní akọrin, kí ni a óò wá pe Paris Grey? Nínú orin kan ṣoṣo yìí ni ọ̀rọ̀ àbúrò wa ti fọ́, kò sì sí bí a ṣe lè tò ó pọ̀ mọ́.

Mo mọ èsì tí wọ́n ti fọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n wa sọ pé kọ inú akọrin lè jẹ́ kọ ti ìwé kíkọ, pé ẹni tí ó ṣe àkójọpọ̀ orin ni a ń sọ. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí ó tọ́ sí wọn, n kò gbà. Nígbà tí a bá fẹ́ sọ ti ìwé, a máa ń fi sílẹ̀ kún un: ó kọ orin náà sílẹ̀. Bí ẹ bá yọ sílẹ̀ kúrò, ẹnu ni olùgbọ́ yóò rò. Ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́wàá léèrè ohun tí akọrin ń ṣe, kò ní mẹ́nu kan gègé. Èmi fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ ní gírámà èdè yìí, n kò sì tíì rí ọ̀kan tí ó fi akọrin ṣe gbólóhùn tí kò ti sí ohùn ẹnu níbẹ̀.

Ẹlòmíràn tún mú kọlà wọ̀ ọ́. Ó ní kọ tí ó ti pẹ́ jù lọ ni ti ilà àti ti ebè, pé ó túmọ̀ sí kí a fi irin la ojú nǹkan, àti pé níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé irin mímú ni a fi ń la ìlà sí ara àwo kí orin tó lè ti inú rẹ̀ jáde, akọrin bá a mu rẹ́gí. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ àlàyé tí ó dùn mọ́ mi báyìí, mo sì fẹ́ kí ẹni tí ó ṣe é mọ̀ pé mo rí ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹlòmíràn ni ìlà àwo jẹ́. Ní Detroit, Ron Murphy ni ó la ìlà sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwo ìlú náà. Bí a bá tẹ̀lé àlàyé yìí dé ilé, Murphy ni yóò di akọrin, Atkins ni yóò sì ṣẹ́ kù síta.

Èsì tí ó lágbára jù ni ti Kraftwerk, ẹgbẹ́ tí Ralf Hütter àti Florian Schneider dá sílẹ̀ ní Düsseldorf ní ọdún 1970, tí àwọn ará Detroit fetí sí gan-an. Wọ́n máa ń ki ohùn ènìyàn bọ inú ẹ̀rọ títí tí yóò fi dà bí ohùn irin, àbúrò wa sì béèrè pé bí ẹ̀rọ bá ti ń kọrin, kí ni ó burú nínú akọrin-ẹ̀rọ? Mo dáhùn pé Hütter la ẹnu rẹ̀. Ẹ̀rọ kàn wọ ohùn náà láṣọ ni. Akọrin ni Hütter, mo gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò di ẹ̀yán, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ń ṣàlàyé orí ọ̀rọ̀, fún un nítorí ìyẹn. Nínú èdè wa, orí ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣíwájú, ẹ̀yán a sì tẹ̀lé e. Akọrin ẹ̀mí ni ẹni tí ń kọ orin ohun ti ẹ̀mí. Bí a bá fi ojú kan náà wo akọrin ẹ̀rọ, ẹni tí ń fi orin yin ẹ̀rọ ni yóò jẹ́. Ẹ tún wò ó bí wọ́n ṣe fi fóònù tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà àkọ́kọ́ láìfi àmì kankan sí i: ẹnìkan kà á sí èrò ọkàn, ẹnìkan kà á sí èrò ọkọ̀, èmi sì kà á sí ẹ̀rọ̀, ohun tí ń mú ara rọ ènìyàn. Ẹni tí yóò bá fún wa ní ọ̀rọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ fún un ní àmì rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó bí i.

Èyí tí mo fi lélẹ̀ kì í ṣe tuntun. Eléré ni. Oní àti eré ni wọ́n lẹ̀ mọ́ra, ó sì ti wà lẹ́nu wa kí a tó bí èyíkéyìí nínú wa. Nígbà tí ìyá tí ó bí ìyá mi bá gbọ́ ìlù lókèèrè, ohun tí wọ́n máa ń wí ni pé, “Àwọn eléré ti dé,” bí kò tilẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó tíì gbé orin. Mo ṣì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa é ìparí yẹn. Ọ̀rọ̀ náà gba onílù, ó gba afọnfèrè, ó gba akọrin pẹ̀lú, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹ̀yà ara tí ó fi ń ṣe é. Eléré ẹ̀rọ, nígbà náà, ni ẹni tí ń fi ẹ̀rọ ṣeré. Àwọn kan ní àwọn òṣèré orí ìtàgé àti àwọn eléré ìdárayá ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ wa lọ́wọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdí tí a fi ń fi ìdárayá kún ti àwọn tí ń sáré ni pé eléré nìkan kò tó láti dá wọn mọ̀. Ẹni tí ó dá atòlù lábàá, láti inú tò àti ìlù, ṣe iṣẹ́ gidi, nítorí pé tò gan-an ni ohun tí ọwọ́ ń ṣe lórí bọ́tìnnì 16 yẹn. Mo gbà á fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kọjá ìlù, ṣùgbọ́n kò lè gba gbogbo iṣẹ́ Atkins.

Ní ọdún 2018, Tony Allen, onílù tí a bí ní Èkó ní ọdún 1940, jọ gbé iṣẹ́ kan jáde pẹ̀lú Jeff Mills ti Detroit, Tomorrow Comes the Harvest ni wọ́n pè é. Allen fi ọ̀pá àti awọ lu tirẹ̀, Mills sì fi TR-909 dá a lóhùn. Onílù tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ lùlù, títí tí ó fi kú ní Paris ní ọdún 2020, ni ìtumọ̀ àbúrò wa yóò wá sọ di akọrin pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀. Bí a bá pè wọ́n ní eléré méjì, a kò purọ́ mọ́ ẹnìkankan.

Ní ti “ìmọ̀-ẹ̀rọ” inú gbólóhùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Tẹ́kínò jẹ́ orúkọ, ilé ni a sì ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Atkins rí ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé tí Alvin Toffler tẹ̀ jáde ní ọdún 1980, àwo àkójọpọ̀ tí Neil Rushton ṣètò ní ọdún 1988 sì ni ó mú un dé etí aráyé. Kò sí ẹni tí ń túmọ̀ jùjú tàbí fújì fún àlejò. Àbúrò wa fúnra rẹ̀ fi Tresor sílẹ̀ bí ó ti wà, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ gidi ni ní èdè Jámánì: yàrá onírin tí a ń kó owó pamọ́ sí, nítorí inú irú yàrá bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ti ṣí ilé ijó tí ó ń jẹ́ orúkọ náà ní ọdún 1991. Ó bọ̀wọ̀ fún orúkọ ilé, kí ó bọ̀wọ̀ fún orúkọ orin pẹ̀lú.

Ní ti àtúnpàdé, kò sí ohun tí a fẹ́ fi ọ̀rọ̀-orúkọ yẹn ṣe. Tún àti jọ wà níwájú ọ̀rọ̀-ìṣe wa láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, wọ́n sì ń ṣe iṣẹ́ náà láìgba owó ọ̀yà: wọ́n tún jọ ṣeré.

Àgbà nìkan ni mo ṣì ń rò. Ọ̀jọ̀gbọ́n fẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀. Èmi kò fẹ́ kí a yọ ọ̀jẹ̀ kúrò lábẹ́ eégún báyẹn, mo sì ti sọ ọ́ fún wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹlòmíràn mú ògbólógbòó wá, ìyàwó mi sì ní olè ni òun ń rí nígbàkigbà tí òun bá gbọ́ ọ. Ògbóǹtarìgì ń sọ ti òye, kò sọ ti ọdún tí wọ́n ti lò lẹ́nu iṣẹ́. Títí di àsìkò yìí, bí mo ṣe kọ gbólóhùn náà sínú ìwé mi nìyí: “Àwọn àgbà eléré ẹ̀rọ méjì tún jọ ṣe àwo tẹ́kínò kan.” Kí àbúrò wa wò ó. Bí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju àgbà lọ, màá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò ní gba kọ.